Ínfọ́ìsì orí ẹ̀rọ: ohun tó jẹ́, ohun tí kò jẹ́, àti ọ̀nà tó máa gbà dé ìsọ̀ wa ní Òṣogbo

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ló ń lọ láàárín àwọn oníṣòwò Òṣogbo. Àwọn kan ní Ìgbóǹnà ní ìjọba fẹ́ máa gba owó lórí gbogbo rìsíìtì. Àwọn atẹ̀wé kan ní wọ́n fẹ́ fòfin de ìwé rìsíìtì tí àwọn ń tẹ̀ tà. Ẹlòmíràn gbọ́ pé ẹ̀rọ kan wà tí ẹni tí kò bá rà á kò ní lè tajà mọ́.

Ohun tó wà nídìí gbogbo awuyewuye yìí ni e-invoice, ìyẹn ínfọ́ìsì orí ẹ̀rọ. Owó orí tuntun kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin tó ní kí ìyá ẹnikẹ́ni dáná sun ìwé rìsíìtì rẹ̀ lónìí. Síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọlọ́jà ìlú wa lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn pé àwọn olówó Èkó ló kàn. Ojú agbowó-orí ni gbogbo wa ń wò, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibòmíràn ló máa gbà wọlé.

Kí ni ínfọ́ìsì, kí ni rìsíìtì, kí ni VAT?

Ínfọ́ìsì ni ìwé tí ẹni tó tajà kọ fún ẹni tó rajà: ohun tí ẹ kó lọ nìyí, iye rẹ̀ nìyí, owó tí ẹ máa san nìyí. Rìsíìtì ni ìwé tó jẹ́rìí pé owó ti wọlé. Lọ́dọ̀ wa, ìwé pélébé kan ṣoṣo ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, èyí tí a ń ki kábọ́ọ̀nù bọ̀ láàárín kí ẹ̀dà kan lè kù nílé. Àwọn tó ń kó ọjà fún iléeṣẹ́ ńlá tàbí fún ìjọba ní Abéré ló mọ ìyàtọ̀ wọn dáadáa, torí wọ́n lè kọ ínfọ́ìsì lónìí kí owó rẹ̀ má tíì jáde títí di oṣù mẹ́ta, bí Ọlọ́run bá tiẹ̀ bá wọn ṣe é.

VAT ni owó orí tí olùrajà ń san lé owó ọjà. Ọlọ́jà ló ń gbà á, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kọ́. Ó gbọ́dọ̀ kó o fún ìjọba. Láti oṣù Kejì 2020, ₦7.50 ni lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà.

Mo ń fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ṣé ìyẹn náà kọ́?

Ìyẹn kọ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í, títí kan àwọn tó kàwé rẹpẹtẹ. Bí ẹ bá tẹ ínfọ́ìsì lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ sọ ọ́ di PDF, tí ẹ sì fi ránṣẹ́, àwòrán bébà lẹ fi ránṣẹ́. Ojú èèyàn lè kà á, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ẹni tó gbà á kò fi bẹ́ẹ̀ mọ èwo ni orúkọ, èwo ni owó. Akọ̀wé kan ṣì máa jókòó, á máa wo PDF náà, á máa tẹ nọ́ńbà rẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì tẹ ₦45,000 níbi tó yẹ kó tẹ ₦54,000.

E-invoice gidi jẹ́ àkọsílẹ̀ tí wọ́n pín sí àyè-àyè. Orúkọ ẹni tó tajà ní àyè tirẹ̀, nọ́ńbà owó orí rẹ̀ ní tirẹ̀, ohun tó tà, iye rẹ̀, VAT rẹ̀, gbogbo wọn ní ibi tí wọ́n ń gbé, wọn kì í sì í pààrọ̀ ipò. Bí ẹ̀rọ ẹni tó tà á ṣe kọ ọ́ ni ẹ̀rọ ẹni tó rà á ṣe máa kà á, ọwọ́ èèyàn kò ní kàn án láàárín.

Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, gbogbo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè kan náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Yúróòpù fi ṣe òfin kan ní 2014, tí wọ́n sì gbé ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní EN 16931 jáde, kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba wọn lè máa gba ínfọ́ìsì lọ́nà kan ṣoṣo. Òmíràn tó gbajúmọ̀ ni Peppol, tó bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù ní 2008, tó sì ti dé Singapore àti ibòmíràn. Orí ìlànà Peppol yìí ni Nàìjíríà gbé tirẹ̀ lé.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an?

Ẹni tó bá ti dá àjọ ojoojúmọ́ rí ti mọ ìdajì rẹ̀. Alájọ dé ìsọ̀ yín, ẹ fún un lówó, ó fàmì sí káàdì yín, ó sì fàmì sí ìwé tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn lópin oṣù, a ó gbé káàdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ṣùgbọ́n ìwé méjì péré náà ni, lọ́wọ́ ẹni méjì tó ń bára wọn ṣe. Bí àwọn méjèèjì bá fẹnu kò pé iye báyìí làwọn máa kọ, ẹni kẹta kò lè mọ̀. Ohun tí e-invoice fi kún un ni ìwé kẹta, tó wà lọ́wọ́ ìjọba, tí àmì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ kí ti ẹ̀yin méjèèjì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọjà kan, ká tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ká ní obìnrin kan ń ta bébà àti yíǹkì ní Àlékúwodò, tí iléeṣẹ́ kan láti Ìbàdàn wá ra páálí bébà ₦400,000. VAT rẹ̀ jẹ́ ₦30,000, gbogbo rẹ̀ wá di ₦430,000. Ọmọbìnrin tó ń bá a tajà tẹ̀ ẹ́ sínú sọ́fítíwíà: nọ́ńbà owó orí ìyá, nọ́ńbà owó orí iléeṣẹ́ yẹn, irú bébà, iye páálí, owó páálí kan, VAT. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ oníbàárà o. Ó kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ alárinà tí ìjọba fọwọ́ sí, ó sì dé orí kọ̀ǹpútà agbowó-orí. Kọ̀ǹpútà yẹn á yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé nọ́ńbà owó orí méjèèjì wà lóòótọ́? Ṣé ìṣirò rẹ̀ jọra? Ṣé kò sí àyè tó ṣófo? Bí ọ̀kan bá wọ́, á dá a padà, á sì tọ́ka sí ibi tó ti wọ́.

Bí gbogbo rẹ̀ bá gún, ínfọ́ìsì náà á ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí òmíràn kò ní jẹ́ láé, IRN ni wọ́n ń pè é. Ìjọba á lu òǹtẹ̀ orí ẹ̀rọ lé e, á sì ní àmì QR, igun mẹ́rin tó kún fún tóótòòtó dúdú tí a ń fi fóònù yà. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di ínfọ́ìsì. Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ lè tẹ QR tó jọ ọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yà á, kò ní bá ohun tó wà lọ́dọ̀ ìjọba mu.

Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú. Níbòmíràn, ẹ lè fi ránṣẹ́ sí oníbàárà ná, kí ẹ tó wá ròyìn fún ìjọba. Nàìjíríà mú méjèèjì pọ̀: bí iléeṣẹ́ bá tà fún iléeṣẹ́ mìíràn tàbí fún ìjọba, àyẹ̀wò ló ń ṣáájú, bó bá tà fún èmi àti ẹ̀yin tí a kàn wá rajà, ìròyìn ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ láàárín wákàtí 24.

Kí ló ń lé ìjọba káàkiri ayé sáré?

Owó ni. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Oníṣòwò ńlá kan ní Èkó ta ọjà ₦1,000,000 fún oníṣòwò kan ní Òṣogbo, ó gba VAT ₦75,000 lé e. Oníṣòwò wa tà á ní ₦1,200,000, ó gba VAT ₦90,000. Kì í ṣe ₦90,000 yẹn ló máa kó fún ìjọba. Á yọ ₦75,000 tó ti san l'Ékòó kúrò, á sì kó ₦15,000 tó ṣẹ́ kù. Kí ni ẹ̀rí pé ó san ₦75,000 lóòótọ́? Ínfọ́ìsì tí ará Èkó kọ fún un ni.

Ibẹ̀ gan-an ni olè ti ń wọlé. Bó bá ní kí wọ́n bá òun tẹ ínfọ́ìsì iléeṣẹ́ tí kò sí níbì kankan láyé, tó sì kọ VAT ₦90,000 sí i, kò ní san kọ́bọ̀. Bó bá láyà láti kọ ₦150,000, ìjọba ló tún máa wá jẹ ẹ́ ní gbèsè! Ní Yúróòpù, àwọn kan sọ èyí di iṣẹ́: wọ́n á dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á gba VAT lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n á sì pòórá kí ọjọ́ àtisan tó pé. VAT tó yẹ kó wọlé fún àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2020, tí kò wọlé, tó bílíọ̀nù 93 yúrò gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àjọ náà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe olè nìkan ló kó o lọ. Iléeṣẹ́ tó wó àti àṣìṣe ìwé wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n olè jẹ nínú rẹ̀ dáadáa.

Bí ìwé kẹta bá wà lọ́wọ́ ìjọba, iléeṣẹ́ tí kò sí kò lè kọ ínfọ́ìsì. Gbogbo rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá náà rí èrè tiwọn níbẹ̀, torí akọ̀wé tó ń tẹ nọ́ńbà wọlé látàárọ̀ dalẹ́ kò pọn dandan mọ́, ínfọ́ìsì kì í sì í sọnù sínú dúrọ́ọ̀ ẹnikẹ́ni.

Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀, ibo ló dé?

Àwọn èèyàn máa ń rò pé Amẹ́ríkà ló gbé e jáde. Rárá, Amẹ́ríkà kò tiẹ̀ ní VAT, kò sì sí òfin ìjọba àpapọ̀ wọn tó fi e-invoice múlẹ̀ láàárín àwọn oníṣòwò. Látìn Amẹ́ríkà ni iná náà ti ràn. Chile bẹ̀rẹ̀ ní 2003, Brazil tẹ̀ lé e, Mẹ́síkò sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo oníṣòwò ní 2014. Denmark ní tirẹ̀ ti pàṣẹ láti oṣù Kejì 2005 pé ẹni tó bá fẹ́ tajà fún ìjọba gbọ́dọ̀ fi ínfọ́ìsì orí ẹ̀rọ béèrè owó rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2019, Ítálì di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó fi dandan lé e láàárín oníṣòwò sí oníṣòwò. Bẹ́ljíọ̀mù wọlé ní oṣù Kìíní 2026, Pólàǹdì ní oṣù Kejì ọdún kan náà, oṣù Kẹsàn-án sì ni ti ilẹ̀ Faransé. Jámánì ní kí gbogbo oníṣòwò lè máa gbà á láti 2025, àtikọ ọ́ ń bọ̀ ní 2027 àti 2028. Ní Áfíríkà, Rùwáńdà ti ń lo ẹ̀rọ rìsíìtì tó so mọ́ ìjọba láti 2013. Íjíbítì, Gánà àti Kẹ́ńyà ti wọlé.

Nínú gbogbo wọn, Íńdíà àti Kẹ́ńyà ló yẹ kí àwa wò dáadáa.

Íńdíà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2020 pẹ̀lú iléeṣẹ́ tó ń tajà ju bílíọ̀nù 5 rúpì lọ lọ́dún. Oníṣòwò kékeré á ti mí kanlẹ̀ pé kò kan òun. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fà á wálẹ̀ sí bílíọ̀nù 1. Wọ́n tún fà á, wọ́n tún fà á. Nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ 2023, ó ti wálẹ̀ dé mílíọ̀nù 50 rúpì, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Kẹ́ńyà gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní láti oṣù Kìíní 2024, owó tí oníṣòwò bá ná tí kò ní ínfọ́ìsì orí ẹ̀rọ, kò ní lè kà á mọ́ ìnáwó rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó orí rẹ̀. Ìyẹn ni pé bí òtẹ́ẹ̀lì kan bá ra tòmátì lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí kò ní ínfọ́ìsì yìí, lójú agbowó-orí, bí ẹni pé òtẹ́ẹ̀lì kò ra nǹkan kan ni. Ta ni òtẹ́ẹ̀lì máa wá máa rà lọ́wọ́ rẹ̀? Ariwo pọ̀, wọ́n sì padà gbà kí olùrajà fúnra rẹ̀ máa kọ ínfọ́ìsì dípò àgbẹ̀ àti oníṣòwò kéékèèké.

Nàìjíríà ńkọ́?

Iléeṣẹ́ agbowó-orí ìjọba àpapọ̀, FIRS àtijọ́ tó di NRS báyìí, ló ń ṣe kòkárí rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń tajà tó bílíọ̀nù 5 náírà sókè lọ́dún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 2025, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún wọn títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá torí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì múra tán. Nínú ètò tí wọ́n kéde, àwọn tó wà láàárín bílíọ̀nù 1 sí 5 ni ti oṣù Keje 2026. Àwọn tí kò tó bílíọ̀nù 1 ni ti oṣù Keje 2027. Ẹ rí i pé ọ̀nà Íńdíà ni a ń tọ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀.

Eyín wà lẹ́nu òfin náà. Òfin ìṣàkóso owó orí tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2025 ní kí ẹni tó yẹ kó lo ẹ̀rọ yìí tí kò lò ó san ìtanràn ₦200,000, kó tún san odindi owó orí tó yẹ kó san, pẹ̀lú èlé.

Ṣé ó kan ẹni tó ń ta gaàrí ní Ọjà Ọba?

Lónìí, kò kàn án. Kò sí VAT lórí gaàrí, ẹ̀wà àti irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, òfin sì ya àwọn oníṣòwò kéékèèké sọ́tọ̀ nínú gbígba VAT. Oníbàárà tó wá ra kóńgò méjì kò ní béèrè IRN lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyàtọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ níbi tí oníbàárà yín bá ti jẹ́ iléeṣẹ́. Aláró kan tó ń pa àdìrẹ fún wa láti fi ṣe aṣọ ọdún Ọ̀ṣun lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí báńkì kan ní Èkó bá ní kó pa igba yàádì fún àwọn òṣìṣẹ́ òun, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Òfin owó orí tuntun sọ pé bí iléeṣẹ́ bá náwó sórí ohun tó yẹ kí VAT wà lórí rẹ̀, tí kò sì sí ẹ̀rí VAT náà, kò ní lè yọ ìnáwó yẹn kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí èrè rẹ̀. Òfin yìí kan náà jẹ́ kí iléeṣẹ́ lè gba VAT tó san lórí iṣẹ́ àti lórí ẹ̀rọ padà, èyí tí wọn kì í rí gbà tẹ́lẹ̀. Ìwé ni wọ́n máa fi gbà á. Nítorí náà, akáǹtáǹtì báńkì yẹn ló máa kọ́kọ́ pe aláró wa lórí fóònù, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́: “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ínfọ́ìsì yín ò ní nọ́ńbà.” Ó ṣeé ṣe kí ó tó ọdún díẹ̀ kí òṣìṣẹ́ NRS tó rántí ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀.

Lójú tèmi, èyí ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. A lè bá ìjọba dúnàádúrà, a lè fi ẹgbẹ́ ọlọ́jà ránṣẹ́. Oníbàárà tó bá ti lọ rà níbòmíràn kò ní ẹni tó ń bá dúnàádúrà.

Ohun tí kò tíì yé èmi náà, bí wọ́n ṣe ń pariwo àǹfààní rẹ̀ nìkan

Mo fara mọ́ kíkọ ìwé òtítọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ètò yìí ń kọ ọ́ bí ẹni pé iná kì í lọ. Bí àyẹ̀wò bá gbọ́dọ̀ ṣáájú ínfọ́ìsì, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú láti ago mẹ́wàá òwúrọ̀, awakọ̀ tó wá kó ọjà á máa dúró, èèyàn á sì máa na fóònù sókè láti wá nẹ́tíwọ̀kì. Àwọn iléeṣẹ́ alárinà kò ní ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, owó wọn á sì kún orí owó ọjà. Lẹ́yìn èyí, ìwé kẹta yìí máa fi han ìjọba ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ ta, ní iye mélòó, lọ́jọ́ wo. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 wà nílẹ̀ lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ rí.

Kí ni kí n ṣe báyìí?

Bí àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ yín kì í bá ṣe iléeṣẹ́, kò sí ohun tó ń lé yín. Bí ẹ bá ń tà fún iléeṣẹ́, ilé ìwé ńlá tàbí ìjọba, ẹ ṣètò nọ́ńbà owó orí yín ná. NIN ló ń ṣiṣẹ́ yẹn fún ẹni tó ń dá ṣòwò báyìí, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ CAC sì ni fún iléeṣẹ́. Ẹ jáwọ́ nínú kíkọ “ọjà oríṣiríṣi, ₦85,000” sínú ìwé. Ẹ kọ ohun tí ẹ tà, iye rẹ̀, àti owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ẹ̀rọ kò ní gba “oríṣiríṣi”. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ oníbàárà yín tó tóbi jù ìgbà tí òun máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, torí ọjọ́ tirẹ̀ ni ọjọ́ tiyín, ohunkóhun tí ìjọba ì báà kéde.

Bí ẹnìkan bá wá sí ìsọ̀ yín pẹ̀lú káàdì lọ́rùn, tó ní òun ń ta ẹ̀rọ e-invoice tí òfin ní kí gbogbo ọlọ́jà rà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ má tíì sanwó. Ẹ gba orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ lọ wò ó bóyá ó wà lára àwọn tí NRS fọwọ́ sí. Wọ́n ní ọ́fíìsì ní Òṣogbo níbí.